Díákónì Tó Gbé Ìbọn: Ta Ni À Ń Dúró Dè?

Ọ̀rọ̀ fíìmù la fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi wá pé kí ló kan onígbàgbọ́ nínú fíìmù. Ohun tí àwọn ọmọ wa ń wò lórí fóònù, tí àwa náà ń wò nílé, tí a sì ń jiyàn lé lórí ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àti lẹ́yìn ìsìn, ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

The Black Book ni orúkọ fíìmù náà. Editi Effiong ló darí rẹ̀, ó sì jáde lórí Netflix ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2023. Richard Mofe-Damijo, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí RMD, ló ṣe Paul Edima, bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ díákónì. Àwọn ọlọ́pàá oníwà ìbàjẹ́ di ẹ̀sùn ìjínigbé ru ọmọ rẹ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, wọ́n sì pa ọmọ náà. Ṣùgbọ́n díákónì yìí kì í ṣe ẹni tí wọ́n rò pé ó jẹ́. Kó tó di èèyàn Ọlọ́run, ó ti fi ìbọn ṣiṣẹ́ ibi fún àwọn alágbára rí. Nígbà tí kò rí ẹni gbèjà ọmọ rẹ̀, ó padà sídìí ohun tó ti kọ̀ sílẹ̀, ó sì gbógun ti àwọn apani náà.

Láti ìgbà tí fíìmù yìí ti jáde ni èrò àwọn tó wò ó ti pín sí ọ̀nà mẹ́ta.

Ẹgbẹ́ kìíní ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní bí òfin bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, kí ẹni tí wọ́n pa lọ́mọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Wọ́n ní ì bá dára kí a rí irú Paul Edima kan ní Adó, ọ̀kan ní Ìyìn, ọ̀kan ní Arámọkọ, kí àwọn ìkà lè mọ̀ pé Ọlọ́run ń bẹ.

Ẹgbẹ́ kejì ń mirí. Wọ́n ní kí ni díákónì ń fi ìbọn ṣe? Wọ́n ní fíìmù náà ba ìjọ lórúkọ jẹ́, pé ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìpànìyàn, pé kò yẹ kí a gbà á láàyè nínú ilé onígbàgbọ́.

Ẹgbẹ́ kẹta ń rẹ́rìn-ín sí àwọn méjèèjì. Wọ́n ní eré lásán ni, pé ẹ̀dà John Wick àti Taken tí òyìnbó ti ṣe ni wọ́n ṣe fún wa, kí a wò ó tán, kí a lọ sùn.

Ẹ̀yin ará, a kò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí àwa rí rèé, a ó sì sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀. Ìtàn akọni adánìkanjà máa ń dùn mọ́ wa nítorí pé ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá wà tí yóò fi ìbọn tún ìlú ṣe, àwa tó kù lè jókòó. Ìdájọ́ òdodo kò sì wá sí ilẹ̀ yìí bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ kejì, ẹ̀yin la ó kọ́kọ́ bá wí, nítorí inú ìjọ lẹ pọ̀ sí jù. Ẹ bínú sí ìbọn tó wà lọ́wọ́ díákónì. Kí ló dé tí ẹ kò kọ́kọ́ bínú sí ìbọn tó pa ọmọ rẹ̀? Ẹ ní wọ́n ba ìjọ lórúkọ jẹ́. Nígbà tí bàbá yẹn ń wá ẹni tí yóò bá a sọ òtítọ́ síta, níbo ni ìjọ wà? Ohun tó yẹ kó tì wá lójú nínú ìtàn náà nìyẹn. Bí ènìyàn bá ti jẹ́ díákónì ní àárín wa fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí àjálù wá dé bá a, tí kò sì sí ẹlòmíràn tó lè fẹ̀yìn tì ju ìbọn àtijọ́ rẹ̀ lọ, kí ni a ti ń fún un láti ọjọ́ yìí wá? Ṣé àdúrà àti ìrẹsì òkú nìkan ni?

Ẹ rántí Nábótì. Wọ́n gbé ẹlẹ́rìí èké dìde sí i, wọ́n sọ ọ́ lókùúta pa, wọ́n sì gba ọgbà àjàrà rẹ̀. Àwọn àgbààgbà ìlú mọ̀, wọ́n dákẹ́. Àwọn kan nínú wọn tiẹ̀ bá wọn ṣe é. Èlíjà nìkan ló lọ bá ọba lójúkojú. Ọlọ́run kò pe ẹ̀sùn èké ní ọ̀rọ̀ ayé tí kò kan wòlíì.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ kẹta, ẹ ní ẹ̀dà eré òyìnbó ni. Lóòótọ́, ọ̀nà tí wọ́n gbà yin ìbọn nínú rẹ̀ jọ ti òyìnbó. Ṣùgbọ́n ìdí ọ̀rọ̀ náà, tiwa ni. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2005, ní Abuja, àwọn ọlọ́pàá pa ọ̀dọ́ mẹ́fà, ọkùnrin márùn-ún àti obìnrin kan, tí wọ́n ń bọ̀ láti òde fàájì lóru. Àwọn oníṣòwò ohun èlò ọkọ̀ ní Apo wà nínú wọn. Wọ́n pè wọ́n ní adigunjalè, wọ́n sì gbé ìbọn kalẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ wọn ni wọ́n ti gbà á. Irọ́ pátápátá ni. Èyí ṣẹlẹ̀ ní ọdún méjìdínlógún kí fíìmù náà tó jáde. Ta wá ni ẹ lè sọ pé ó ṣe ẹ̀dà ta?

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1992 láti gbógun ti adigunjalè, tó wá di ẹ̀rù fún ọmọ ọlọ́mọ tó bá gbé kọ̀ǹpútà sẹ́yìn tàbí tó bá dẹ irun. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé àwọn tú u ká, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ ti jáde káàkiri orílẹ̀-èdè. Àwọn ọ̀dọ́ tó jáde yẹn kì í ṣe òṣèré, òpópónà tí wọ́n dúró sí kì í sì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù.

Ó wá ku ẹ̀yin ẹgbẹ́ kìíní, ẹ̀yin tí ẹ ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yín dùn wá jù, nítorí pé ẹ ní ìrora lóòótọ́, ẹ sì ní ìdí láti bínú. A kò ní sọ fún yín pé kí ẹ gbé e fún Ọlọ́run, kí ẹ sì lọ jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ gba wá láyè kí a bi yín ní ìbéèrè mẹ́rin.

Èkíní: ìgbà wo ni ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo gba ènìyàn là? Mósè rí ará Íjíbítì kan tó ń lu arákùnrin rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó pa á, ó sì bò ó mọ́ inú iyanrìn. Ẹrú mélòó ló gba òmìnira lọ́jọ́ yẹn? Kò sí ọ̀kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ènìyàn tirẹ̀ gan-an ló fi ọ̀rọ̀ náà gún un lára, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ lọ sí Mídíánì. Nígbà tó máa padà, kò mú idà dání. Ó mú Áárónì dání, ó kọ́kọ́ pe àwọn àgbààgbà Ísírẹ́lì jọ, ilé dé ilé ni wọ́n sì múra, tí gbogbo wọn fi jáde lóru ọjọ́ kan náà. Kódà nínú aginjù, nígbà tó tún fẹ́ máa dá gbogbo ẹjọ́ nìkan, Jẹ́tírò àna rẹ̀ ló kìlọ̀ fún un pé kò lè gbé e, kó yan àwọn mìíràn. Sámúsónì ní tirẹ̀ dá jà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó wó ilé lu àwọn ọ̀tá àti ara rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn Fílístínì ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń yọ Ísírẹ́lì lẹ́nu.

Èkejì: ṣé ìtàn wa ní Èkìtì kò tó kọ́ wa lọ́gbọ́n ni? Gbogbo wa la mọ orúkọ Fábùnmi ti Òkèmẹ̀sí. Ní ọdún 1878, nígbà tí ìwà ìkà ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ti sú àwọn ènìyàn, òun ló gbé idà, tó bẹ́ orí Oyèpẹ́tun tó jẹ́ ajẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Bí fíìmù bá ni, ibẹ̀ ni wọn ì bá ti kọ ọ́ pé ó parí. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Bí Fábùnmi bá dá dúró, ilé rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ ni Ìbàdàn ì bá sun. Ohun tó gba Èkìtì ni pé ìlú kọ̀wé sí ìlú, ọba ránṣẹ́ sí ọba, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà di Èkìtìparapọ̀, Ògèdèǹgbé wá láti Iléṣà láti ṣáájú wọn. Àbí ẹ kò gbọ́ orúkọ náà? Parapọ̀ ni wọ́n sọ ọ́, wọn kò sọ ọ́ ní Èkìtì-dá-a-jà.

Ìbọn náà kọ́ ló sì parí ogun Kírìjí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi yin ìbọn láàárín òkè, tí ẹnì kankan kò borí. Ní ọdún 1886, àwọn oníwàásù méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ni wọ́n ń rìn láti àgọ́ kan sí òmíràn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àlàáfíà, títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ó tún gbà tó ọdún 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká lójú ogun. Iṣẹ́ àṣekára ni. Kò sí ẹni tó máa wo irú rẹ̀ lórí Netflix. Ṣùgbọ́n ìyẹn ló mú kí àwọn bàbá ńlá wa padà sí oko wọn.

Ẹ̀kẹta: ta ló fi dá yín lójú pé ẹni tó bá gba òfin sọ́wọ́ ara rẹ̀ kò ní ṣìnà? Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu, ní Ìpínlẹ̀ Rivers, àwọn èrò mú ọmọ ilé-ìwé Yunifásítì Port Harcourt mẹ́rin. Wọ́n ní olè ni wọ́n. Wọ́n lù wọ́n, wọ́n fi táyà sí wọn lọ́rùn, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Àwọn ọmọ náà kì í ṣe olè. Ẹ gbọ́ o: gbogbo àwọn tó mú igi dání lọ́jọ́ yẹn gbà pé akọni ni àwọn, pé àwọn ń ṣe ohun tí ọlọ́pàá kọ̀ láti ṣe. Nígbà tí ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún ènìyàn mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 2017, ọlọ́pàá kan wà nínú wọn. Nínú fíìmù, ẹni tó kọ ọ́ ti jẹ́ kí a mọ ẹni tó jẹ̀bi kí ìbọn tó dún. Ní ojú pópó Ajílósùn tàbí Basírí, ta ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀?

Ẹ̀kẹrin: ṣé ẹ wo fíìmù náà dáadáa bí? Paul Edima kò dá a ṣe. Vic Kalu, akọ̀ròyìn obìnrin tí Ade Laoye ṣe, ló ń tú àṣírí, ló ń béèrè, ló ń so ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Ìbọn lè pa ọ̀daràn, ṣùgbọ́n kò lè wẹ orúkọ ọmọ tó ti kú mọ́. Òtítọ́ tí a sọ síta ló lè wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ ti ń pàtẹ́wọ́ fún alábọn, ẹ kò sì ní pàtẹ́wọ́ fún ẹlẹ́rìí?

A mọ èsì yín. Ẹ ó ní, “Ẹ̀yin oníwèé, ẹ kò rí ohun tí ojú wa rí.” A rí i. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì ní ìpínlẹ̀ wa yìí, Elésùn ti Èsùn-Èkìtì àti Onímòjò ti Ìmòjò-Èkìtì. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n jí àwọn ọmọdé ilé-ìwé kan ní Emùré gbé, pẹ̀lú àwọn olùkọ́ àti awakọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n tú wọn sílẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì, awakọ̀ wọn kò bá wọn bọ̀. Wọ́n ti pa á. Lẹ́yìn irú ìyẹn, ta ni kò ní wù pé kí alágbára kan wọ inú igbó lọ, kó pa wọ́n run?

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó síwá, kí ẹ rò ó sẹ́yìn. Kí ni wọ́n sọ pé ọmọ díákónì ṣe? Ìjínigbé. Kí ni ẹni tó pa á fi ṣe àwáwí? Pé ajínigbé ni. Ìbọn tí kì í béèrè ìbéèrè ló pa ọmọ náà. Bí ẹ bá wá ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run rán alábọn kan sí wa, tí kò ní lọ sílé ẹjọ́, tí kò ní gbọ́ ẹ̀rí, tí yóò kàn máa pa ẹni tí wọ́n bá ti pè ní ajínigbé, ẹ mọ ẹni tí ẹ ń pè? Ẹ kò pe Paul Edima. Ọlọ́pàá tó pa ọmọ rẹ̀ lẹ ń pè.

Ẹ ó tún ní ilé ẹjọ́ pẹ́. A gbà. Ọ̀rọ̀ Apo tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ọdún méjìlá ni kí ilé ẹjọ́ tó dájọ́ fún ọlọ́pàá méjì ní ọdún 2017, àwọn kan sì lọ láìjẹ̀bi. Ìdájọ́ tó fi ọdún méjìlá rìn, a kò lè pè é ní ìdájọ́ pípé. Ṣùgbọ́n kí ló mú un dé ibi tó dé rárá? Àwọn oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ wọn ló kọ̀ tí wọn kò dákẹ́, tí ariwo wọn fi mú kí ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Olasumbo Goodluck. Àwọn ẹlẹ́rìí ló jáde. Ní Adó níbí pẹ̀lú, lẹ́yìn ìwọ́de ọdún 2020, ìjọba Gómìnà Kayode Fayemi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, Adájọ́ Cornelius Akintayo tó ti fẹ̀yìntì sì ni alága rẹ̀. Àwọn tí ọlọ́pàá ti fìyà jẹ dúró níwájú rẹ̀, wọ́n la ẹnu wọn sọ ọ́, ìjọba sì san owó gbà-máà-bínú fún àwọn kan. Ó kéré sí ohun tó yẹ. Síbẹ̀, ó ju òdo lọ, kò sì sí òkú kan tí a fi kún òkú láti rí i gbà.

Bí ẹ bá sì fẹ́ akọni ní dandan, ọmọ Adó kan wà. Adekunle Fajuyi, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ páàkì tí ẹ ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ológun ni. Ó mọ ìbọn í yìn. Wọ́n tiẹ̀ fún un ní oyè Military Cross nítorí akin tó ṣe ní Congo. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn tó pa ni a fi ń rántí rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1966, ní Ìbàdàn, nígbà tí àwọn ológun wá mú Ironsi tó jẹ́ àlejò rẹ̀, wọ́n kó àwọn méjèèjì lọ, wọ́n sì pa wọ́n. Ìtàn tí a ń sọ fún àwọn ọmọ wa ni pé kò gbà kí wọ́n mú àlejò rẹ̀ lọ kí òun sì wà láàyè. Akọni ní tiwa ni ẹni tó dúró ti ẹlòmíràn.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí parí sórí àríyànjiyàn fíìmù.

Ẹ mọ òfin. Abala 35 nínú Òfin-ìpìlẹ̀ ọdún 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ gba ìwé láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́, tó ń sọ ìdí tí wọ́n fi mú un. Ó ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi bá lọ́yà tàbí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín ogójì kìlómítà sí ibi tí wọ́n ti mú un, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ní láti fi gbé e dé ọ̀dọ̀ adájọ́, àfi bí ẹ̀sùn náà bá jẹ́ èyí tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ gan-an pé ó ṣe. Abala 36 sì sọ pé aláìjẹ̀bi ni, títí ilé ẹjọ́ yóò fi sọ pé ó jẹ̀bi.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyá nìkan lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn bíi mẹ́rin, ọkùnrin àti obìnrin, tí a lè pè lóru. Kí wọ́n jọ lọ. Kí wọ́n kọ orúkọ ọlọ́pàá tó dá wọn lóhùn sílẹ̀, kí wọ́n kọ aago tí wọ́n dé. Ọlọ́pàá tó bá rí ìyá kan tó ń sunkún lè lé e jáde. Bó bá rí ènìyàn mẹ́rin tó ń kọ̀wé, yóò ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá sí owó lọ́yà, Legal Aid Council wà fún aláìní. Béèlì kì í sì í ṣe ọjà. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Bí ẹ bá rí ohun kan, ẹ jẹ́rìí sí i. Opó tó wà nínú Lúùkù orí 18 kò ní ìbọn, kò sì ní ọkọ. Lílọ àti bíbọ̀ rẹ̀ ló sú adájọ́ tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run. Bí opó kan bá lè ṣe ìyẹn, kí ni ogún opó tó jọ rìn kò lè ṣe?

Bí ẹ bá sì gbọ́ “olè! olè!” lójú pópó, ẹ má ṣe mú igi. Ẹ dúró sí àárín ẹni náà àti àwọn èrò bí ẹ bá lágbára, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ pe ẹni tó lágbára.

Ẹ̀yin ará, kò sí díákónì kankan tó ń bọ̀ láti wá gbà wá pẹ̀lú ìbọn. Bó bá tiẹ̀ wà, àbámọ̀ ni yóò já sí fún òun àti fún wa. Ẹni tí à ń retí ti dé, ó ti pẹ́ tó ti dé: ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni, ẹ̀yin àti ẹni tó jókòó tì yín nínú ìsìn. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Ẹ jẹ́ kí ìjọ yín yan àwọn mẹ́rin yẹn kí oṣù yìí tó parí. Ire o.